Ọkọ̀ Bàbá Tó Dọ̀bálẹ̀

Agboolé wa, Ìyèrú,
Ọ̀fà.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, 2025.

Lukman,

Ká kọ́kọ́ yanjú èyí tó wà láàárín èmi àti ìwọ. Owó páànù tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. Páànù ti wà lórí ilé, káfíńtà ti gba tiẹ̀, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá náírà ló ṣẹ́kù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ni mo bá ọ san fún owó iná lọ́dún tó kọjá, tí o ní wàá dá a padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti mú mọ́kànlá náà. Mẹ́ta tó kù, mo fi jì ọ́, nítorí ẹ̀bẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ìwé yìí, mi ò sì fẹ́ kí o máa ka ẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn.

Ó tán. Àsàlámù aléékùm. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti rọlẹ̀? Gbogbo ilé ń kí ọ. Nàfísàt ọmọ mi ń kí ọ. Òun ló máa ya fọ́tò ìwé yìí tí á fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Mo mọ̀ pé wàá bèèrè pé kí ló dé tí mi ò kúkú pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, ńṣe lo máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi títí owó á fi tán lórí fóònù mi. Nínú ìwé, kò síbi tí o fẹ́ gbà dá mi dúró.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Bàbá ni. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ti kú. Barnabas, mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá réluwéè, ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìdí mi ti sọ fún mi kí òun tó sọ. Bí ọkọ̀ náà bá bọ́ sí kòtò báyìí, á fò sókè, á já wálẹ̀, á tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. O sì mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn ni mo fi ń kó ẹyin lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọlábámijí, onílé búrẹ́dì ní Ilemona, lọ́jọ́ Ajé àti Àlàmísì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kéréètì méjì ló ti fọ́ yángá kí n tó débẹ̀. Ọkùnrin náà ò pariwo. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí omi ẹyin ti ń kán nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó ní, "Ìyá Nàfísàt, ṣé ẹ ti bá wa bẹ̀rẹ̀ sí í po kéèkì lójú ọ̀nà ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Obìnrin kan wà ní Ìjàgbó tó ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún tó kọjá pé kí òun máa kó ẹyin wá. Bí mo bá pàdánù ọkùnrin yìí, owó ilé-ìwé Nàfísàt ni mo pàdánù.

Barnabas ní gbogbo ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ tó wà ní Ọ̀fà fún irú Dátsùn akẹ́rù yẹn ló gùn jù fún un, nítorí ìwọ gé sípíríǹgì ẹ̀ tó fi wálẹ̀. Ó ní ká dá ọkọ̀ náà padà sókè bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilẹ̀ òyìnbó, ká sì ra ṣọ́ọ̀kì tí gbogbo ayé ń rà. Èmi fara mọ́ ọn. Ìgbà tí ọ̀yájú ń gùn ọ́ lo gé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ sílẹ̀, tí àwọn ọmọ àdúgbò fi sọ ọ́ ní Dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ní ọkọ̀ Alàájì ló ní ẹ̀kọ́ jù ní gbogbo Ọ̀fà torí kò dìde rí. A ti rẹ́rìn-ín ẹ̀ tó. Àmọ́ Bàbá kọ ọkọ̀ náà sí orúkọ rẹ, wọ́n sì sọ ọ́ sétí mi kí wọ́n tó lọ pé kí ẹnikẹ́ni má yí nǹkan kan padà lára ẹ̀ láìbi ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ọ́. Jọ̀ọ́, sọ pé kí n gbé e sókè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àṣàkẹ́.


Edmonton, Kánádà.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Nàfísàt,

Wa aléékùm sàlámù. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú gbogbo wa. Ẹ ṣeun fún ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí ẹ fi jì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé mo ṣì máa rí i níbòmíràn. Ẹ má bínú pé mi ò tètè fèsì. Wọ́n rán mi lọ kó ẹrù débi tó jẹ́ pé àgbọ̀nrín ló pọ̀ ju ènìyàn lọ, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀.

Ẹ dákun, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbé ọkọ̀ náà sókè. Ẹ bá mi fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣọ́ọ̀kì tó kúrú tó bá a mu wà níhìn-ín, èmi ni n ó rà á, èmi náà ni n ó fi ránṣẹ́. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ohun tí Barnabas sọ kò burú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì dà bí orúnkún. Bí ènìyàn bá dúró tó fẹ́ gbé ẹrù, orúnkún ẹ̀ kì í gan, kì í sì í ká tán, ó máa ń wà ní agbedeméjì kó lè ráyè lọ sókè kó sì ráyè wálẹ̀. Bí ẹ bá ki ṣọ́ọ̀kì gígùn sábẹ́ ọkọ̀ tó ti wálẹ̀, ó ti ká tán kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Kòtò àkọ́kọ́, irin á lu irin. Èyí tó kúrú la fẹ́, àmọ́ wọn ò ní kàn mú un fún mi. Wọ́n á bi mí léèrè bó ṣe gùn tó láti bóòtù òkè dé bóòtù ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi dè é mọ́ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí Barnabas fi téèpù wọ̀n ọ́n. Kó má fi jáákì gbé e o. Kí ọkọ̀ náà dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Íǹṣì mélòó ni? Ẹ sọ ọ́ fún mi, ó parí.

Ẹ ní ọ̀yájú ló gùn mí. Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi.

Àbúrò yín,
Lukman.


Ìyèrú, Ọ̀fà.
Ọjọ́ Àlàmísì, ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, 2025.

Lukman,

Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ lónìí, ìwọ náà ò sì ní lọ́wọ́ mi, nítorí náà mo lè kí ọ tààrà. O kú ìmúra ọdún. Ọ̀la ni Iléyá. Inú mi ò dùn sí ìdáhùn rẹ, àmọ́ nígbà tí o ní kò ní ná mi ní kọ́bọ̀, mo tún ìwé náà kà, inú mi sì rọ̀ díẹ̀.

A ti wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé ni mo ti ń bọ̀, mo lọ bá gbogbo agboolé ra àgbò, méje, wọ́n tóbi bí ọmọ màlúù. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà báyìí ni mo bá Barnabas tó ń dúró dè mí. Ó ní òun ń lọ kí àna òun ní Èkìtì, pé bí a ò bá wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kò burú. Mo sọ ọ́ fún un bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, pé kò gbọdọ̀ lo jáákì, pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Mo tiẹ̀ ka ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lójú ẹ̀. Ó sùn sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ẹ̀, àwọn àgbò sì ń wò ó láti òkè. Ọ̀kan nínú wọn tọ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Barnabas ní, "Ìyá Nàfísàt, ẹ sọ fún àgbò yín pé díákónì ni mí." Mo ní kó má bínú, pé ó máa jẹ itan ẹ̀.

Íǹṣì mẹ́sàn-án. Ó wọn ọwọ́ ọ̀tún, ó wọn ọwọ́ òsì, mẹ́sàn-án ni méjèèjì.

Yára o. Lọ́jọ́ Ajé, kéréètì kan tún fọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábámijí ò ṣàwàdà mọ́. Ó ní òun á mú un mọ́ra títí Iléyá á fi kọjá, nítorí pé ọdún ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àṣàkẹ́.


Edmonton.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ẹ̀. Ṣé àwọn àgbò méje yẹn dé gbogbo ilé? Ẹ bá mi yan díẹ̀ gbẹ, ẹ bá mi fi pamọ́, ẹ má jẹ́ kí Nàfísàt mọ ibi tí ẹ fi sí.

Íǹṣì mẹ́sàn-án! Nígbà tí mo kúrò nílé, méjìlá ni. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Àṣé sípíríǹgì ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ó sì fi íǹṣì mẹ́ta wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo sọ fún àwọn tá a jọ ń wakọ̀ níbí, wọ́n ní àwọn kan ń san owó ńlá kí ọkọ̀ wọn tó lè wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní tiwa, ọjọ́ orí ló bá wa ṣe é.

Mo ti ra ṣọ́ọ̀kì náà. Ó kúrú débi pé ẹni tó tà á fún mi bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìwọ̀n náà dá mi lójú. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló wọ̀n ọ́n. Ó ní ó dáa. Dúrótìmí, ọmọ Ọ̀fà tí a jọ ń gbélé, ń bọ̀ wá rí ìyá ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Inú báàgì ẹ̀ ló máa wà, wọ́n fi aṣọ òtútù wé e.

Ẹ bá mi kí Ọ̀gbẹ́ni Ọlábámijí. Ẹ ní kó fara balẹ̀.

Lukman.


Ìyèrú, Ọ̀fà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, 2025.

Lukman,

Kéréètì mẹ́rin ni o jẹ mí. Mo kọ ọ́ sókè níbí kí o lè tètè rí i.

O kú iṣẹ́. Dúrótìmí dé láyọ̀, ó sanra, ìyá ẹ̀ ń kí ọ. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì náà wá. Nígbà tí Barnabas tú aṣọ òtútù kúrò lára ẹ̀, ó gbé ọ̀kan lọ́wọ́, ó ní ṣé ti alùpùpù kọ́ ni. Mo ní kó dákẹ́, kó dè é mọ́ ọn, pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ó ní kó tó wọlé, òun ní láti fi ẹsẹ̀ ti ibì kan, kí òun sì fi irin wọ́ ibì kan. Mo ní bí nǹkan tuntun ṣe máa ń rí nìyẹn, á rọ̀ tó bá yá.

Kò rọ̀, Lukman. Mo kó ẹyin sí i, mo jókòó, mo forí lé Ilemona. Ọkọ̀ náà kò fò mọ́, òótọ́ ni. Kò mi rárá. Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi àpótí ìjókòó ilé kéú ṣe ẹsẹ̀ fún un. Òkúta tó tó ẹ̀pà, mo mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá sì kan kòtò, ó ń ró gbà bí ìgbà tí ènìyàn bínú tilẹ̀kùn. Kí n tó dé oríta Ilemona, mo ti mọ̀ pé mi ò ní kó odindi dé. Kéréètì mẹ́rin. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábámijí ka èyí tó kù, ó san owó èyí tó kà, ó ní, "Ẹ wò ó, Ìyá Nàfísàt, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò lè máa dá iṣẹ́ dúró torí ọkọ̀." Ó fún mi di ìparí oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin Ìjàgbó.

Mo wakọ̀ náà tààrà lọ bá Barnabas, mo ní kó wá jẹ́jọ́. Ó wọ abẹ́ ẹ̀ lọ, ó wò ó títí. Ó ní ṣọ́ọ̀kì náà ti nà tán láti ibi tí ọkọ̀ dúró sí, pé kò ní ibi tó tún fẹ́ nà dé. Ó mú téèpù, ó tún un wọ̀n. Íǹṣì méjìlá. Ó jáde síta, ó fìdí lé táyà kan. Nígbà tó yá ló bi mí pé, "Ìyá Nàfísàt, àwọn àgbò yẹn dà?"

Mo ní, "Àwọn àgbò wo? A ti jẹ wọ́n."

Ó gbá orí mú. Ó ní, "Àwọn la wọ̀n o."

Ó wá yé mi. Àgbò méje ló tẹ ọkọ̀ náà wálẹ̀ lọ́jọ́ tí a wọ̀n ọ́n. O sì ra ṣọ́ọ̀kì fún ọkọ̀ tó ru àgbò méje. Bí mo bá fẹ́ kí ọkọ̀ yìí rìn dáadáa báyìí, àfi kí n máa kó àgbò sínú ẹ̀ lójoojúmọ́, kí n wá wá ibi tí n ó fi ẹyin sí.

Má tíì rẹ́rìn-ín. Ṣé o rí i pé mo kọ ọ̀rọ̀ àgbò sínú ìwé mi ọjọ́ náà? Mo kọ ọ́. O kà á. O tiẹ̀ ní kí n yan nínú ẹ̀ pamọ́ fún ọ. Èmi ò mọ̀ nípa ṣọ́ọ̀kì, ìwọ lo mọ̀. O ní kí ẹsẹ̀ ẹ̀ kanlẹ̀, ó kanlẹ̀. O ò ní kí ikùn ẹ̀ ṣófo.

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ gbé ọkọ̀ náà sókè. Ọjọ́ Àlàmísì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí, ni mo ń retí ọ̀rọ̀ rẹ. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, mo gbà pé o ti gbà.

Àṣàkẹ́.


Ìyèrú, Ọ̀fà.
Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje, 2025.

Lukman,

Àná ni Àlàmísì. Mo tan fóònù Nàfísàt sílẹ̀ títí ó fi gbóná. O ò sọ nǹkan kan.

Mi ò mọ̀ bóyá orí ọ̀nà lo wà ni àbí o ń bínú. Bí o bá ń bínú, ta ló yẹ kó bínú nínú àwa méjèèjì? Kẹ̀kẹ́ ni mo fi kó ẹyin lọ sí Ilemona lánàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ kó tó kó o tán, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ sì ń kọrin títí a fi débẹ̀. Ẹyin kankan ò fọ́, àmọ́ èrè tí mo jẹ níbẹ̀ kò tó ra ọṣẹ.

Kí ni ìwọ àti ọkọ̀ yẹn tiẹ̀ ń ṣe? Ọdún mélòó lo ti kúrò nílé? O kì í bèèrè ilẹ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀. O kì í bèèrè ilé. Ọkọ̀ tó dọ̀bálẹ̀ yìí nìkan ló ká ọ lára, tó o ń fi aṣọ òtútù wé irin ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé o fẹ́ wá fi ṣe fáàrí kiri Ọ̀fà lọ́jọ́ tí o bá dé, sọ ọ́ kí n mọ̀. Èmi ní ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé.

Lọ́jọ́ Ajé, Barnabas á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ti fún un lówó sípíríǹgì gíga. Má sọ pé n kò sọ fún ọ.

Àṣàkẹ́.


Ojú ọ̀nà Edmonton.
Ọjọ́ ogún, oṣù keje, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ forí jì mí. Òkè àríwá ni mo wà láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n dí ọ̀nà torí iná tó ń jó igbó, gbogbo wa sùn sínú ọkọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe dé báyìí ni ìwé yín méjèèjì wọlé. Mo rẹ́rìn-ín àgbò náà títí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kejì fi wá wò mí. Lẹ́yìn náà ni mo ka ìkejì, ẹ̀rín sì kúrò.

Ẹ bi mí pé kí ni èmi àti ọkọ̀ náà ń ṣe. N ó sọ ọ́ fún yín.

Ẹ̀yin wà ní Ìlọrin nígbà yẹn, ẹ ń wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbàdí Bàbá ti ń dùn wọ́n ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, a kírun tán, wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀. Ẹ rántí bó ṣe ga nígbà yẹn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀, kò dé e. Wọ́n tún gbé e. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń wo nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo àwọn tó jáde ní mọ́sáláṣí ló ń wo ilẹ̀ kí wọ́n má bàa wò wọ́n. Mo fẹ́ gbé wọn, wọ́n gbọ́n ọwọ́ mi dànù. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní àwọn rò pé ilé ló dáa kí àwọn máa kírun Jímọ̀ báyìí, pé ariwo ti pọ̀ jù ní mọ́sáláṣí. Ẹ mọ Bàbá. Ìgbà wo ni ariwo ti dí Bàbá lọ́wọ́ ìrun?

Wọn ò ní gbà kí n gbé àpótí sílẹ̀ fún wọn láti fi gùn ún. Wọn ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbé wọn. Mo bá lọ bá wọn lálẹ́, mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ gé ọkọ̀ yìí sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣe é, ó ń wù mí." Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní, "Irú ìwà ìpáǹle wo nìyẹn?" Wọ́n ní, "Ìgbà wo lo fẹ́ gbé e lọ?"

Nígbà tí ẹ ti Ìlọrin dé tí ẹ bú mi lójú gbogbo agboolé, Bàbá bá yín bú mi. Wọ́n tiẹ̀ bú mi jù yín lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n kàn jókòó ni, wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn. Mo ń wò wọ́n. Wọ́n ní kí n wakọ̀, kí n yé wo àwọn.

Mi ò lè sọ ọ́ nígbà tí wọ́n wà láyé. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó ti mọ́ mi lára láti máa jẹ́ ọ̀yájú.

Àmọ́ òótọ́ lẹ sọ. Bàbá ò wọkọ̀ mọ́, Nàfísàt ń lọ sílé-ìwé. Ẹ gbé e sókè, mo fọwọ́ sí i. Kí Barnabas ta ṣọ́ọ̀kì kékeré yẹn fún ẹni tó bá ń sin àgbò.

Àbúrò yín,
Lukman.


Ìyèrú, Ọ̀fà.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje, 2025.

Lukman,

Mo yọ kéréètì mẹ́rin yẹn kúrò lọ́rùn rẹ. Èmi ni mo kó àgbò sínú ọkọ̀, ìwọ lo kà á tí o ò rí i, ká pín in sí méjì, kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ mọ́.

Mo kí ọ. Mo dúpẹ́ pé iná ò jó ọ.

Ìdájí ọjọ́ Ajé ni ìwé rẹ wọlé, àmọ́ Nàfísàt ti lọ síléèwé pẹ̀lú fóònù ẹ̀. Ó di ọ̀sán kó tó sáré wálé wá kà á fún mi, nítorí dígí ojú mi ò sí lọ́wọ́. Ó kà á dé ibi tí Bàbá ti ń wo ọ̀ọ́kán, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo ka ìyókù fúnra mi láìsí dígí.

Mo gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ Barnabas. Ó ti gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ọwọ́ òsì ṣì wà nílẹ̀, ọkọ̀ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó ń yọ́ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Mo ní kó dá a padà. Ó ní, "Èwo, Ìyá Nàfísàt?" Mo ní ọ̀tún, kó dá a padà sílẹ̀. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé òun máa gba owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní mo mọ̀. Ó wò mí bóyá ara mi yá. Láti ìgbà tí ó ti mọ̀ mí, kò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu mi rí.

Nígbà tó dá a sílẹ̀ tán, mo ṣí ilẹ̀kùn ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, níbi tí Bàbá máa ń jókòó sí. Mi ò gbé ẹsẹ̀ rárá. Mo kàn jókòó ni. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ará Ìlọrin pé ìrun Jímọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ bàbá mi rọ, pé títí di oṣù tí wọ́n lọ, wọn ò pa á jẹ.

Èébú tí mo bú ọ nígbà yẹn, mi ò kó o padà. Fi í dípò èyí tó yẹ kí n bú ọ nígbà tí o ta adìyẹ mi tí o ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló gbé e.

Má sì rò pé ẹkún ló mú mi fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Mo ti ṣírò ẹ̀. Bó ṣe wálẹ̀ yìí, èmi àti Nàfísàt lè to ẹyin sínú ẹ̀ láìsan owó fún ẹnikẹ́ni, a ò ní láti gbé kéréètì kọjá ìbàdí. Bí mo bá gbé e sókè, mo ní láti wá alágbára lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Orúnkún mi náà kì í ṣe ti àná.

Nítorí náà, ṣọ́ọ̀kì tuntun la fẹ́, èyí tó mọ ẹni tó ń gbé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró ti Barnabas, a wọ̀n ọ́n lọ́nà mẹ́ta. Nígbà tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀, tí mo tiẹ̀ ní kí wọ́n gbá a mọ́, íǹṣì méjìlá. Nígbà tí ẹyin Ilemona kún inú ẹ̀, mọ́kànlá. Nígbà tí a tú ṣọ́ọ̀kì kékeré yẹn kúrò, tí a fi jáákì gbé e tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń fì dòò, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ṣọ́ọ̀kì náà lè nà dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì lè ká dé mẹ́sàn-án nítorí Iléyá ọdún tó ń bọ̀. Barnabas ní oríṣi méjì ni wọ́n máa fi hàn ọ́, onígáàsì àti olóyìílì. Ó ní onígáàsì le, ó dáa fún ẹni tó ń sáré. Èmi ò sáré. Olóyìílì ni kí o rà, kí ó rọ̀ lábẹ́ ẹyin. Bí ẹni tó ń tà á bá tún bi ọ́ bóyá ìwọ̀n náà dá ọ lójú, sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ ló wọ̀n ọ́n, kò sì sí ẹran kankan níbẹ̀.

Ìdajì owó ẹ̀, èmi ni n ó san. Má bá mi jiyàn. Ọkọ̀ tí mo fi ń jẹun ni, bàbá mi sì ni.

Mo ti lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ọlábámijí. Ìparí oṣù kẹjọ ṣì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀, kò fi ọjọ́ kan kún un. Ìyàwó Dúrótìmí ń ti ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ wálé lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, ó sì ti gbà pé àyè wà nínú báàgì òun. O gbọ́dọ̀ ti rà á kó tó gbéra, mo sì fẹ́ mọ iye ẹ̀ kí n lè wá ìdajì tèmi. Bí o bá wà níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wakọ̀ títí wàá fi dé ibi tó wà. Ọjọ́ Àlàmísì, ọjọ́ keje oṣù kẹjọ, ni mo ń retí èsì rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àṣàkẹ́.